Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Wọ Yunifásítì Láìmọ Ohun Tí Ó Fẹ́, àti Bí Ó Ṣe Lè Rí Iṣẹ́ Ọnà Tí Yóò Gbà Á Lọ́kàn

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń wọ yunifásítì ní Nàìjíríà ni kì í rí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB kà. Akẹ́kọ̀ọ́ a kọ Òfin tàbí Ìṣègùn, máàkì rẹ̀ nínú 400 kò ní tó ohun tí ẹ̀ka náà ń béèrè, ilé-ẹ̀kọ́ a sì fi ẹ̀ka mìíràn tí àyè ṣì wà níbẹ̀ lọ̀ ọ́ lórí CAPS, ìyẹn ètò tí JAMB fi ń bójú tó ìgbaniwọlé láti ọdún 2017. Ohun méjì péré ni yóò kù fún un láti ṣe: kí ó gbà tàbí kí ó kọ̀. Ní tèmi, Ìṣirò Owó ni mo kọ, nítorí pé bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tí ó jẹ́ akáńtáǹtì tí ó sì kọ́lé sí Ìbàdàn. Ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni bí a ṣe ń mú ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ni mo ti gbà á, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí epo fẹ́ tán nínú jẹnẹrétọ̀ tí ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù sì ń sọ pé kí n ṣe kíá. Bí mo ṣe fi ìṣẹ́jú kan yan ọdún márùn-ún nìyẹn.

Ẹni tí ó wà nírú ipò yìí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀ ni màá sì ṣe bá a sọ ọ́. Kí ó má ṣe rò pé òun ti pẹ́ jù tàbí pé orí òun kò pé tó ti àwọn tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni mo gbà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni mo sì gbé gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ kà: ríronú nìkan kì í jẹ́ kí èèyàn mọ iṣẹ́ ọnà tí ó bá a mu. Ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ọkàn a sì wá gbọ́ níkẹyìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Mọ òfin ilé-ẹ̀kọ́ rẹ kí o tó máa wá ohunkóhun kiri

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé òfin ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà. Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ràn máa ń jẹ àsìkò bí iná ṣe ń jẹ koríko, bí ó bá sì jẹ èsì ìdánwò rẹ mọ́ ọn, kò sí ilẹ̀kùn tí yóò ṣí fún ọ mọ́ nínú ọgbà náà, ìbáà ṣe láti kúrò níbi tí o wà tàbí láti parí síbẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Gba ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀ka rẹ ń pín, kí o sì kà á tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Wo ibi tí wọ́n ti sọ bí a ṣe ń yí ẹ̀ka padà, ìgbà tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń jáde, àti iye CGPA, ìyẹn ìpíndọ́gba àmì gbogbo èsì ìdánwò rẹ láti ọdún kìíní, tí ẹ̀ka tí ó fẹ́ gbani máa ń béèrè. Wo àwọn kọ́ọ̀sì tí a gbà ọ́ láàyè láti mú láti ẹ̀ka mìíràn, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ pé irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ wà títí wọn yóò fi dé ọdún tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń lo òṣùwọ̀n 5.00. A jẹ́ àmì márùn-ún, B mẹ́rin, C mẹ́ta, D méjì. Ẹni tí ó bá ní 4.50 sókè ni ó gba oyè onípò kìíní, 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì ti òkè, 2.40 sí 3.49 ni ipò kejì ti ìsàlẹ̀, 1.50 sí 2.39 sì ni ipò kẹta. Ìṣirò náà kì í gbàgbé ọdún kìíní. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan mú kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ yúníìtì 30 ní ọdún kìíní, tí CGPA rẹ̀ sì jẹ́ 2.00, àmì 60 ni ó ní, ìyẹn 30 lọ́nà 2.00. Bí ó bá tún mú yúníìtì 30 ní ọdún kejì, tí ó sì fẹ́ kí CGPA rẹ̀ di 3.50, àmì 210 ni yóò nílò lápapọ̀, èyí tí ó fi hàn pé ó gbọ́dọ̀ rí 150 nínú yúníìtì 30 ti ọdún kejì, ìyẹn ni pé kí ó gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì láìku ẹyọ kan. Mo ṣe ìṣirò yìí fún ara mi lẹ́yìn sẹ̀mẹ́sítà kìíní, oorun ọjọ́ náà kò sì dùn.

Nítorí náà, má ṣe fi ọdún kìíní ṣeré lórí pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ ni o ń kà. Kò di dandan kí o fẹ́ràn kọ́ọ̀sì kan kí o tó gba B nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe sílẹ̀

Ra ìwé kékeré kan, kí o sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní alaalẹ́, kọ ohun kan tí o ṣe lọ́jọ́ náà tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ sínú rẹ̀. Ohun tí o ṣe ni mo wí, kì í ṣe ohun tí o wò. Wíwo fíìmù ní gbogbo òru kò fi hàn pé o lè ṣe fíìmù, gẹ́gẹ́ bí jíjẹ ẹ̀bà kò ti fi hàn pé o lè gbin ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé ìwọ ni o máa ń to àwòrán ọjọ́ ìbí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lórí fóònù, tàbí pé o máa ń tún ọ̀rọ̀ orin ìjọ yín kọ kí ó lè bá ohùn mu, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ kún fún àwòrán ojú àwọn olùkọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ láìtijú. Nínú ìwé tèmi, ohun tí ó ń padà wá ṣáá ni àwọn ilà àti òdòdó tí mo máa ń yà sí ẹ̀yìn ìwé nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ilẹ̀. N kò kà á sí nǹkan kan nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kúrò nínú ẹ̀ka rẹ, kí o sì lọ jókòó níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ

Yunifásítì jẹ́ ọjà tí a ti san owó ìwọlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìsọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ọgbà rẹ bá ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, lọ wo ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi àti ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Bí ó bá ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé, ìdánrawò wọn ní ìrọ̀lẹ́ máa ń kọ́ni ju eré gan-an lọ, nítorí ibẹ̀ ni o ti máa rí i bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́ tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, Diamond FM 101.1 wà nínú ọgbà yunifásítì. Ní Ifẹ̀, Great FM 94.5 ni, ní Àkókà ní Èkó, UNILAG FM 103.1 ni. Irú ilé-iṣẹ́ rédíò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ béèrè bóyá àyè wà fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Àwọn tí ó ń kọ ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í sábà lé ẹni tí ó bá lè kọ gbólóhùn tí ó já gaara.

Má sì fojú kéré ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí inú ọgbà. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èwe wa ti kọ́kọ́ di kámẹ́rà mú, tí wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kíbọọ̀dù, tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń tún ohùn ṣe lórí ẹ̀rọ, láìsan kọ́bọ̀.

Bí o bá fẹ́ jókòó sí kíláàsì tí kì í ṣe tìrẹ, má ṣe dédé wọlé. Wá olùkọ́ náà lọ ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí i bí ọmọ tí a kọ́, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ ní gbólóhùn mẹ́ta: "Ẹ káàárọ̀, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láàyè kí n máa jókòó lẹ́yìn ní kíláàsì ìyàwòrán yín lọ́sàn-án Ọjọ́rú. N kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, màá sì bá wọn gbá yàrá náà bí ẹ bá parí." Ọ̀rọ̀ gbígbá yàrá yẹn ni ó mú olùkọ́ tí mo lọ bá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá, ó sì jẹ́ kí n gbá a lóòótọ́.

Mú ohun mẹ́ta péré, kí o sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù kan. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ohun mẹ́wàá wò lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ adùn ìkankan.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Dúró ti ohun kan títí yóò fi bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kí o sì tún un ṣe

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń yà kúrò lọ́nà. Wọ́n rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ yóò bẹ́ lù wọ́n bí àrá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Mo fẹ́ sọ bí tèmi ṣe rí, nítorí pé kò sí àrá kankan nínú rẹ̀.

Ní ọdún kejì mi, ilé-ẹ̀kọ́ ní kí gbogbo wa mú iṣẹ́ ọwọ́ kan lábẹ́ kọ́ọ̀sì ìdásílẹ̀ òwò, èyí tí ó jẹ́ dandan. Ìlẹ̀kẹ̀ sísín ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ ti kún níbẹ̀ kí n tó dé, ni wọ́n bá jù mí sí ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ. Àwa bí ogójì ni a yí ike aró kan ká. Wọ́n da kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, àwọn kẹ́míkà tí ó ń jẹ́ kí aró mú aṣọ, sí i, wọ́n ní kí a fi okùn di aṣọ funfun wa kí a sì tì í bọ̀ ọ́. Mo di tèmi lẹ́rọ̀lẹ́rọ̀ nítorí pé n kò fẹ́ kí ó ya. Nígbà tí mo tú u, aró ti gba abẹ́ okùn wọlé, aṣọ náà sì dúdú kirikiri láti etí dé etí, kò sí ọnà kankan lórí rẹ̀. Wọ́n fún mi ní C. Ohun tí ó ṣe mí ní kàyéfì ni pé n kò bínú sí C náà. Ohun tí mo ń bi ara mi ní gbogbo ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì ni bí ì bá ti rí ká ní roba ni mo fi dì í dípò okùn.

Wo ìbéèrè irú bẹ́ẹ̀ dáadáa bí ó bá wá sí ọkàn rẹ. Bí iṣẹ́ kan bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, tí ohun tí ó sì ń jẹ ọ́ lọ́kàn ni bí yóò ṣe dára nígbà mìíràn, iṣẹ́ náà ti ń pè ọ́. Bí ó bá bàjẹ́ tí inú rẹ sì dùn pé o ti bọ́, fi í sílẹ̀ láìbínú, kí o sì lọ sórí èkejì. Òfin tí mo máa ń fún àwọn àbúrò mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣèdájọ́ iṣẹ́ kan kí ó tó ṣe é parí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Orin mẹ́wàá, ewì mẹ́wàá, ìkòkò mẹ́wàá, láìka bí wọ́n ṣe burú tó. Kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan, má sì ju ìkankan nù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Wá ọ̀gá

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ ni a fi jókòó sílé. Ní oṣù kẹta tí a ti wà nílé, lẹ́yìn tí màmá mi ti rán mi lọ ra ata títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú mi lọ sí Abẹ́òkúta, sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń pa aró nítòsí Ìtọ́kù, níbi tí ọjà adìrẹ wà.

Ìyá yìí kò bi mí bóyá mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fọ ìkòkò tí mo sì ń ṣa ìyẹ́ adìẹ. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n ro láfún lórí iná bí ẹni ro ẹ̀kọ, kí n fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Èyí ni a fi ń yàwòrán sára aṣọ nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ: ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní lè dé ibẹ̀, funfun ni yóò sì kù nígbà tí a bá họ ẹ̀kọ náà kúrò. Mo ro tèmi, mo ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́, mo sì ya ewé kan. Lójú mi báyìí ni ewé náà ṣe wú, tí ó tàn ká, tí ó sì di bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Ìyá fi ìka kan ẹ̀kọ náà, ó kán an sórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì dẹ ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀kọ náà ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yunifásítì," ó ní, "èyí tí a óò mu ni o rò yìí. Lọ ro èyí tí yóò dúró." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un rò lọ́jọ́ náà.

Aṣọ mi àkọ́kọ́ tí ó dára wọ inú ìkòkò aró ní oṣù kẹfà. Ẹni tí kò bá tíì rí i kò ní gbà pé aṣọ tí a fà yọ nínú aró ewé elú kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń gbé jáde, atẹ́gùn yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di aró díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni. A rì í, a fà á yọ, a dúró kí atẹ́gùn ṣiṣẹ́, a tún rì í, títí ó fi dúdú tó bí ìyá ṣe fẹ́. Lójú ọgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́, n óò sọ pé mo mọ ìdí rẹ̀ nínú kẹ́mísìrì. Lóòótọ́, mo kàn dúró síbẹ̀ ni, omi aró ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbí ni pé ìsinmi gígùn àti ìyanṣẹ́lódì, bí ó tilẹ̀ burú, máa ń fúnni ní àsìkò tí sẹ̀mẹ́sítà kò lè fúnni. Wá ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, kì í ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nìkan. Béèrè iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ àti iye oṣù tí yóò gbà ọ́, kí àgbà kan nínú ẹbí rẹ sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fẹnu kò. Ní Òṣogbo, ilé iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní adìrẹ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ kò kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, inú ẹbí rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Fíìmù kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò púpọ̀ fún ẹni tí kò lè rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò lè kán ẹ̀kọ sórí èékánná fún ọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Pinnu bóyá o máa yí ẹ̀ka padà tàbí o máa dúró

Má ṣe ìpinnu yìí kí o tó ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, má sì ṣe é lẹ́yìn ìdánwò tí kò dára. Àwọn èèyàn ńlá wà tí wọ́n yí padà. Ní ọdún 1948, Chinua Achebe, òǹkọ̀wé nì, wọ University College ní Ìbàdàn pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Lẹ́yìn ọdún kan, ó yí sí Èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn. Christopher Okigbo, akéwì nì, náà fi ìṣègùn sílẹ̀ níbẹ̀ kan náà, ó sì kọ́ èdè Gíríìkì àti Látìn. Wọ́n rán Fela lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958 kí ó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, Trinity College of Music ni ó forúkọ sí nígbà tí ó dé ọ̀hún.

Àwọn tí ó máa ń sọ irú ìtàn yìí lórí pèpéle kì í sábà sọ ìyókù rẹ̀. Achebe pàdánù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ nítorí ìyípadà náà, owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan yọ̀ǹda sì wà nínú ohun tí ó gbé e dúró. Nítorí náà, jókòó kí o ṣe ìṣirò. Ṣé ẹ̀ka tuntun náà yóò dá ọ padà sí ọdún kìíní? Ta ni yóò san owó ọdún kan tí ó lé? Ṣé ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ ní kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń béèrè, bí Iṣẹ́ Ọnà tàbí Lítíréṣọ̀? JAMB ní ojú òpó kan tí a ń pè ní IBASS, níbi tí o ti lè wo ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń béèrè ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Wò ó kí o tó fi ẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí bá dára, gba fọ́ọ̀mù, kí o sì yí padà láìwẹ̀yìn.

Èmi kò yí padà. N kò ní Iṣẹ́ Ọnà nínú ìwé ẹ̀rí mi, bàbá mi kò sì lówó ọdún kan tí ó lé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bá ìyá yẹn ṣiṣẹ́, mo ṣàkíyèsí pé ewé elú ń wọ́n sí i lọ́wọ́, tí ó sì máa ń fi aró ilé kẹ́míkà dípò rẹ̀ nígbà mìíràn láìfẹ́. Nígbà tí ó di pé kí a kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, ibi tí àwọn aláró ti ń rí elú àti ìdí tí àwọn àgbẹ̀ kò fi ń gbìn ín ni mo kọ lé lórí. Olùdarí iṣẹ́ mi ní ohun tí òun kò kà rí nínú ẹ̀ka wa nìyẹn. Kí o tó sọ pé ẹ̀ka rẹ kò bá iṣẹ́ ọnà rẹ tan, wá ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì tí ó fẹ́ràn amọ̀ lè kọ nípa ohun tí a fi ń mú ìkòkò dán. Ẹni tí ó ń kọ́ ìmọ̀ èdè tí ó sì ń kọrin lè kọ nípa bí ohùn orin ṣe ń bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá jà.

Ìgbésẹ̀ keje: Sọ fún àwọn òbí rẹ, ṣùgbọ́n má ṣe fi ọwọ́ òfo lọ

Má ṣe sọ ọ́ lórí fóònù, má sì fi ọ̀rọ̀ "ìfẹ́ ọkàn mi" bẹ̀rẹ̀, nítorí inú òbí tí ó ti ta ilẹ̀ nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ kò ní dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mú iṣẹ́ tí ó dára jù nínú mẹ́wàá tí o ṣe dání, mú èsì ìdánwò rẹ pẹ̀lú rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí èsì.

Bàbá mi wo èsì náà, ó gbé e sílẹ̀, ó wá gbé aṣọ náà. "Ṣé aṣọ pípa láró ni mo rán ọ lọ kọ́?"

"Rárá, Dádì. Ẹ má bínú, sà. Mo ṣì ń ka èyí tí ẹ rán mi, màá sì kà á yanjú. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi ń ṣe èyí."

Kò dá mi lóhùn. Màmá mi ni ó na aṣọ náà sí ojú fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì béèrè bóyá ó tó bùbá àti ìró. Mo ní kò tó, ó ní kí n lọ ṣe èyí tí ó tó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí ní ilé wa nìyẹn. Ní ilé tìrẹ, ó lè gba ọdún kan, ó sì lè jẹ́ pé àbúrò bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n màmá kan ni yóò bá ọ sọ ọ́. Má ṣe bá wọn jà. Ìlérí tí o bá ṣe nípa ẹ̀kọ́ rẹ ni kí o mú ṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Mọ iye tí iṣẹ́ náà ń ná ọ

Díẹ̀ ni màá sọ lórí èyí. Ká ní aṣọ funfun ná ọ ní ₦10,000, tí láfún, álọ́ọ̀mù àti aró jẹ́ ₦4,000, tí owó ọkọ̀ sì jẹ́ ₦2,000. ₦16,000 ti jáde lápò rẹ. Bí o bá fi wákàtí mẹ́wàá ṣe é, tí ọ̀rẹ́ rẹ kan sì ní kí o fún òun ní ₦18,000 "nítorí pé ara wa ni wá", ₦200 ni o gbà fún wákàtí kan. O lè gbà á bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ó hàn sí ọ pé ẹ̀bùn ni o fún un. Kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí ó yàtọ̀ sí ti ilé-ẹ̀kọ́, má sì fi owó ilé-ẹ̀kọ́ ra ohun èlò iṣẹ́ láéláé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Fi ààlà sí i

Yan ọjọ́ kan àti wákàtí rẹ̀, kí ìyókù ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ti ìwé. Tèmi ni Sátidé, láti aago méje àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, àfi bí òde ìgbéyàwó bá wà, tí òde ìgbéyàwó sì máa ń wà. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dáwọ́ dúró pátápátá. Èyí ni ó le jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, nítorí pé àsìkò ìwé kíkà gan-an ni ọnà tuntun máa ń wá sí èèyàn lórí. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìlà kan, kí o sì padà sídìí ìwé.

N kò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi lórí èyí. Ní sẹ̀mẹ́sítà tí ó kẹ́yìn, mo kó ìyẹ́ adìẹ, ike láfún àti aṣọ funfun méjì fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, mo sì ní kí ó tì wọ́n mọ́ inú àpótí rẹ̀. Ní alẹ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì òru, mo jí i pé kí ó jọ̀ọ́, kí ó fún mi ní ìyẹ́ kan péré, ọnà kan ni mo fẹ́ dán wò. Ó béèrè iye ìdánwò tí ó kù fún mi láti ṣe. Mo ní méjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì kọjú sí ògiri.